Àwọn fíìmù Ọ̀yọ́ tí à ń wò: èwo ló ṣẹlẹ̀, èwo ni wọ́n dá sílẹ̀?

Láti ọdún 2022 ni fíìmù tó dá lórí Ọ̀yọ́ ti ń jáde léraléra lórí Netflix. Aníkúlápó ló kọ́kọ́ dé lópin oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Elesin Oba tẹ̀lé e ní oṣù Kọkànlá, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2024, House of Ga'a náà wọlé. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ á ti bá àríyànjiyàn wọn pàdé: ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta káàdì, nínú mọ́tò tó ń lọ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnìkan á ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn, bàbá òun àgbà ló sọ ọ́. Ẹlòmíràn á ní irọ́ gbuu ni, wọ́n kàn fẹ́ gbowó ni. Ọmọ iléèwé á sì máa bi ìyá rẹ̀ pé Aláàfin wo ló fẹ́ Arọ́lákẹ́, olorì inú Aníkúlápó.

Mo rò pé ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a ń bi fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Lójú, wọ́n jọra: aṣọ òfì, ẹṣin, ìlù, ààfin, ìjòyè tó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò ṣẹlẹ̀ rárá, èkejì ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i padà, ẹ̀kẹta sì ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó yẹ ká béèrè ẹni tó sọ ọ́ fún wa.

Ọ̀yọ́ wo ni wọ́n ń sọ ná?

Ọ̀yọ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu wa, a sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ìlú Ọ̀yọ́ wà, níbi tí Aláàfin wà lónìí, tí ọjà Akẹ̀sán ti ń ná nítòsí ààfin. Ọ̀yọ́-Ilé sì wà, ìlú ńlá àtijọ́ tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga. Ìlú yẹn ti di ahoro láti àárín ọdún 1830 sí 1840. Ahoro rẹ̀ wà nínú igbó ọba tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́, lápá àríwá ìpínlẹ̀ wa.

Lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sógun ni Àtìbà jọba, ó sì sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun. Àgọ́ Ọjà náà ni ìlú Ọ̀yọ́ tí à ń gbé lónìí.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé Ọ̀yọ́-Ilé ni Gáà, ìjòyè tí House of Ga'a dá lé lórí, gbé, tó sì kú sí. Àlejò tó bá dé Akẹ̀sán tó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sílé tí Gáà ti ń pàṣẹ, ìlú mìíràn ló ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin tí Elesin Oba dá lé lórí, ìlú Ọ̀yọ́ tiwa yìí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, lójú àwọn ènìyàn tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà láàárín wa. Ẹ rántí èyí, torí ó kan bó ṣe yẹ ká sọ̀rọ̀ fíìmù náà níwájú ara wa.

Kí là ń pè ní ìtàn, kí là ń pè ní àròsọ?

Ìtàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé ayé. Àròsọ ni ohun tí ẹnìkan fi ọpọlọ rẹ̀ gbé kalẹ̀, bó tilẹ̀ mú orúkọ ìlú gidi tàbí oyè gidi wọ inú rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni ìtàn àtẹnudẹ́nu wà, èyí tí àwọn àgbà sọ fún ọmọ, tí ọmọ sọ fún ọmọ tirẹ̀. Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ bí Ògúnlọlá ṣe gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé àlọ́ lásán ni.

Fíìmù tó bá mú ìtàn lò kò lè mú gbogbo rẹ̀. Ẹ wo fídíò òde ìnáwó tí wọ́n gé mọ́ wákàtí kan. Ayẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, ó sì di alẹ́ kí wọ́n tó ká àga. Nínú fídíò, àwọn tó ń náwó fún olórin ló pọ̀ jù, ọbẹ̀ tó tán ṣáájú kí tábìlì ẹ̀yìn tó jẹun kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó bínú lọ sílé kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ rí nínú fídíò náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lọ síbi ayẹyẹ, tó ní òun ti mọ bó ṣe lọ torí òun rí fídíò, kò mọ̀ ọ́n. Fíìmù ìtàn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó ṣe é lè fi àlejò tí kò wá sóde jókòó sí tábìlì iwájú.

Aníkúlápó: ṣé ó ṣẹlẹ̀?

Rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn.

Kúnlé Afọláyan ló ṣe é, ó sì ya púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Igbójàyà, lágbègbè Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Sáró ahunṣọ tó wá jẹun ní Ọ̀yọ́, Arọ́lákẹ́ olorì tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹyẹ Àkàlà tó ń jí òkú: àròsọ ni gbogbo wọn, a sì gbé e lé irú ohun tí à ń gbọ́ nínú àlọ́. Aláàfin inú fíìmù náà ń jẹ́ Adémúyìwá. Ẹ ka orúkọ àwọn Aláàfin láti Ọ̀rányàn wá, ẹ kò ní bá Adémúyìwá kankan níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń béèrè ọkọ Arọ́lákẹ́, ẹ sọ fún un pé òǹkọ̀wé eré ló fi í fún un lọ́kọ.

Ìyẹn kò ní kí fíìmù náà má níyì. Sáró tó jókòó sídìí òfì, tó ń ju ọ̀kọ̀ òwú láti ọwọ́ kan sí ìkejì, ohun tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣì ń ṣe lónìí ni. Iṣẹ́ ọwọ́ náà jẹ́ òótọ́, ìlànà ààfin tó hàn níbẹ̀ sún mọ́ òótọ́. Ènìyàn inú rẹ̀ nìkan ni kò gbé ayé. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti mọ̀.

Elesin Oba: kí ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Èyí le díẹ̀, torí ọwọ́ mẹ́ta ni ìtàn náà ti gbà kọjá kó tó dé iwájú wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Láyé àtijọ́, àwọn kan wà tí oyè wọn béèrè pé kí wọ́n bá ọba lọ. Abọ́bakú là ń pè wọ́n, Ọlókùn Ẹṣin sì wà lára wọn. Ẹni tó wà lórí oyè náà nígbà yẹn ni Jinadu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945 ó wọ aṣọ funfun, ó sì ń jó káàkiri ìlú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dágbére. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gbọ́, ó ní kí wọ́n lọ mú un kó má baà kú. Wọ́n mú un. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kéré jù, Murana, ló kú dípò rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí ìtàn náà ṣe ń yí lọ. Dúró Ládiípọ̀ kọ́kọ́ fi ṣe eré orí ìtàgé, Ọba Wàjà, ní ọdún 1964. Lẹ́yìn náà ni Wọlé Ṣóyínká kọ eré tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní ọdún 1975. Ọdún 1946 ni Ṣóyínká pe ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ náà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó wá ní òun sún un sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ sí àsìkò ogun àgbáyé. Ọmọ tó kéré jù wá di àkọ́bí. Ó di Olúńdé, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́hùn-ún nílùú òyìnbó, tó wá sílé wá sin bàbá rẹ̀. Biyi Bandele ló wá fi eré Ṣóyínká ṣe fíìmù, ó sì dá a padà sí èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin. Bandele fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ṣáájú kí wọ́n tó gbé fíìmù náà jáde.

Nítorí náà, bí ẹ bá wo Ẹlẹ́ṣin inú fíìmù, ọkùnrin tó fẹ́ràn adùn ayé, tó rí ọmọge lọ́jọ́ ikú rẹ̀ tó ní àfi kóun gbé e níyàwó, kí ẹ má ṣe fi ìwà rẹ̀ kan Jinadu lórí. Ṣóyínká sọ ọ́ kedere nínú ìwé rẹ̀ pé òun yí àwọn nǹkan padà, títí kan ìṣesí àwọn ènìyàn. Ẹni tó kọ eré ti wẹ ara rẹ̀ mọ́. Àwa òǹwòran ni a kò ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

Èyí máa ń dùn mí gan-an. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fi Ẹlẹ́ṣin ṣẹ̀fẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ gan-an, bí ẹni pé ọkùnrin kan báyìí ló sá fún ikú nítorí obìnrin. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé ìjọba fọwọ́ òfin mú ẹni tó ń ṣe ohun tí oyè rẹ̀ béèrè, ilé kan sì sin ọmọ. Ìdílé wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé orúkọ yàtọ̀, ìwà yàtọ̀, ọmọ tó kú yàtọ̀. Kò ní gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Gáà: ta ni ọkùnrin yìí?

Gáà gbé ayé, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Baṣọ̀run ni, ìyẹn olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tó ń yan Aláàfin. Àwọn kan náà ló lè kọ ọba. Ọba tí wọ́n bá sì kọ̀, kò sí pé ó ń fẹ̀yìntì lọ sóko, ikú ni. Agbára yìí ni Gáà gbà mú. Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé, ọba mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, ojú rẹ̀ ni wọ́n jọba tí wọ́n sì kú. Awọ́nbíojú kò lò ju àádóje ọjọ́ lọ lórí ìtẹ́, torí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Baṣọ̀run.

Aláàfin Abíọ́dún, tó jẹ lẹ́yìn wọn, ló gbọ́n. Ó gorí oyè, ó ń lọ kí Gáà láràárọ̀, ó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé, ó sì ń bá àwọn ìlú òde sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Òun àti Ọ̀yábì, Àrẹ̀ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni wọ́n jọ gbìmọ̀. Ọdún 1774 ni wọ́n ka ìparun Gáà sí. Àwa kò sì tíì yé wí i títí dòní pé bí o láyà, kí o ṣ'ìkà, ṣùgbọ́n bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣ'òótọ́.

Èyí tó wà nínú fíìmù Bọ́láńlé Austen-Peters kò jìnnà sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ìfẹ́ tó wà láàárín Oyèmekún ọmọ Gáà àti Àgbọ̀nyìn ọmọ ọba, ẹ kò ní bá a nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ọgbọ́n eré ni, kí ọkàn wa lè fà mọ́ ẹnìkan nílé Gáà. Pípa Àgbọ̀nyìn ti pẹ́ lẹ́nu wa, Adébáyọ̀ Fálétí sì ti fi sínú eré tó kọ, Baṣọ̀run Gáà, ní ọdún 1972: Gáà ń wá àgbọ̀nrín fún oògùn, wọn kò rí i, ló bá ní orúkọ jọra, kí wọ́n mú ọmọ ọba wá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Fálétí, ó sì mọ ohun tí ẹsẹ̀ ìtàn yẹn ń ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Idán ń kọ́? Àwọn kan ní àwọn onífíìmù ló fi idán bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wà nínú ìwé Johnson pé wọ́n gbà pé Gáà lè sọ ara rẹ̀ di ẹkùn tàbí erin, ìyẹn sì wà lára ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Bóyá ó di erin tàbí kò dì í, ìbẹ̀rù yẹn jẹ́ òótọ́, ó sì ṣiṣẹ́ fún un.

Ta ló sọ fún wa pé Gáà burú tó bẹ́ẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí, torí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jiyàn.

Púpọ̀ nínú ohun tí à ń sọ nípa Gáà, inú ìwé Samuel Johnson ló ti wá. Pásítọ̀ ni Johnson, ìlú Ọ̀yọ́ níbí ló ti ṣiṣẹ́, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ìwé náà sọnù síbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1901 láìrí i kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un tò, ó sì jáde ní ọdún 1921. Ọdún 1846 ni wọ́n bí Johnson, Gáà ti kú láti bí àádọ́rin ọdún ṣáájú. Ẹnu àwọn arọ́kin ló ti gba ìtàn, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rántí ìtàn àwọn ọba, tí wọ́n sì ń jẹun ní ààfin.

Ààfin ta ni? Ti àwọn tó ṣẹ́gun Gáà. Johnson fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìran Abíọ́dún ni.

N kò sọ pé Johnson purọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ìdajì ohun tí a mọ̀ ì bá ti ṣègbé. Ohun tó kọ nípa àwọn ọmọ Gáà ń bani lẹ́rù. Ọ̀kan nínú wọn di ẹrù tó wúwo jù lé aláàárù lórí, ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń fi ìyà rẹ̀ ṣeré. Ó ní ọrùn ọkùnrin yìí mà ki o, ṣé idà lè gé e báyìí? Ló bá fa idà yọ, ó sì dán an wò. Ẹni tó bá ka èyí kò ní gbàgbé rẹ̀. Bóyá ìdí tó fi wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí fíìmù bá fi Gáà hàn bí ìkà paraku, tó sì fi Abíọ́dún hàn bí ọba tó ní sùúrù, kì í ṣe fíìmù ló dá a sílẹ̀. Ojú tí ààfin fi wò ó ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan ti wò ó lójú mìíràn: wọ́n ní ìjà agbára àti òwò ló wà láàárín ìjòyè àti ọba, lórí ibi tí Ọ̀yọ́ máa dojú kọ. Kò sí ẹnìkan láti ilé Gáà tó kọ tiwọn sílẹ̀. Èmi gbà pé ọkùnrin náà ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ìjòyè tí ìlú gbà láyè títí ọba mẹ́rin fi lọ, àwọn kan ti ní láti wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti ní láti ní ìdí. Èyí ni fíìmù ì bá fi hàn wá, kò sì fi hàn tó.

Aṣọ àti owó ńkọ́?

Ìwọ̀nyí rọrùn láti mọ̀. Bí ẹ bá rí léèsì lára ènìyàn Ọ̀yọ́-Ilé, àṣìṣe ni. Ilẹ̀ Austria ni púpọ̀ nínú léèsì ti ń dé ọ̀dọ̀ wa, láti àwọn ọdún 1960 ló sì ti gbilẹ̀. Owó tó yẹ kí wọ́n máa ná ni owó ẹyọ, tí wọ́n ń sín sí okùn ní ogójì ogójì, tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá. Ẹṣin ní tirẹ̀ bá a mu dáadáa, torí ẹlẹ́ṣin ni ọmọ ogun Ọ̀yọ́ fi ń ṣẹ́gun ní pápá.

Èwo ni kí á kọ́kọ́ wò?

Bó bá jẹ́ fún ọmọ iléèwé, ẹ jẹ́ kó ka Baṣọ̀run Gáà ti Fálétí kó tó wo House of Ga'a. Èdè Yorùbá inú rẹ̀ dùn, á sì rí i pé ọwọ́ méjì lè mú ìtàn kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Aníkúlápó kì í ṣe ti ọmọdé, ìran tọkọtaya inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbà. Elesin Oba ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pàápàá níbi tí Ẹlẹ́ṣin ti ń bá oníyìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn Jinadu àti Murana fún ẹni tí ẹ bá jọ fẹ́ wò ó.

Bí ẹnìkan nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù bá sì ń ka èyí, ọ̀nà wà láti gbọ́ tẹnu ilé Gáà. Nígbà tí wọ́n ń pa ìdílé náà run, ọmọ rẹ̀ kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Òjò Agunbambaru ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Abíọ́dún ti kú tí Ọ̀yọ́ ti ń dàrú, ó kó ọmọ ogun Bàrìbá bọ̀ wá sílé wá gba ohun tó kà sí ẹ̀tọ́ bàbá rẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ ìjòyè tó fura sí, ó sì ṣígun lọ bá Àfọ̀njá ní Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀. Johnson kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ẹṣin ṣe.